Bí Ẹgbẹ́ Olórin Òde Òní Ṣe Lè Jí Ìró Salsa Àtijọ́ Dìde

Orin ijó salsa tí wọ́n ń lù ní ìlú New York ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ṣì wà lórí àwo, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní fóònù lè gbọ́ ọ nígbàkígbà tó bá wù ú. Ohun tó ṣòro ni kí ẹgbẹ́ olórin tó wà láyé lónìí jókòó tì í, kí wọ́n lù ú, kí ó sì jáde bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló mọ gbogbo nótì inú orin náà lórí, síbẹ̀ tí wọ́n bá gbé e jáde, orin tí wọ́n ń lù fún àwọn tó ń jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì ló máa ń jọ. Ohun tó fà á ni pé wọ́n kọ́ orin náà, wọn kò kọ́ bí àwọn tó kọ́kọ́ lù ú ṣe ń fetí sí ara wọn. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún olórí ẹgbẹ́, fún ẹni tó ń to orin, àti fún onílù tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà bí iṣẹ́. Spanish Harlem Orchestra ti New York ni n ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, n ó sì yà sí Havana ní Cuba àti Bogotá ní Colombia níbi tó bá ti yẹ.

Ẹ pinnu irú àtijọ́ tí ẹ ń wá

Kí ẹnikẹ́ni tó ra ìlù tàbí kí ó pe afunfèrè, ó yẹ kí olórí ẹgbẹ́ ti mọ irú àtijọ́ tó ń wá, nítorí pé ìró tí àwọn ènìyàn ń pè ní salsa àtijọ́ ju ẹyọ kan lọ. Ẹgbẹ́ Machito, tó bẹ̀rẹ̀ ní New York lọ́dún 1940 tí Mario Bauzá sì ń darí orin rẹ̀, kó saxophone àti trumpet jọ bí àwọn ẹgbẹ́ jazz ńlá ti ń ṣe, irú ìró bẹ́ẹ̀ ló sì kún gbọ̀ngàn ijó Palladium ní Broadway títí wọ́n fi tì í pa lọ́dún 1966. Ní Havana, láàárín ọdún 1940 sí 1949, Arsenio Rodríguez, afọ́jú tó ń ta tres, irú gìtá kan ti Cuba, fi kọ́ńgà (ìlù gígùn tí wọ́n ń fi ọwọ́ lù), píánò àti trumpet tó ju ẹyọ kan lọ kún ẹgbẹ́ tó ń lu son, orin ijó àtijọ́ ti Cuba, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní conjunto sì fìdí múlẹ̀ láti ibẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1961, Eddie Palmieri dá La Perfecta sílẹ̀ ní New York. Trombone àti flute ló gbé síwájú níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń lo trumpet, ìró náà sì wúwo, ó gbóná, ó sì ní agídí nínú. Willie Colón tẹ̀ lé ọ̀nà trombone yẹn nínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 1967, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, Héctor Lavoe ló sì ń kọrin fún un.

Ilé iṣẹ́ àwo Fania, tí Johnny Pacheco àti Jerry Masucci dá sílẹ̀ lọ́dún 1964, ló wá kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí sábẹ́ òrùlé kan. Ohun tí Fania All-Stars, ẹgbẹ́ àwọn olórin ilé iṣẹ́ náà, gbà sílẹ̀ ní ilé ijó Cheetah ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1971 ni mo máa ń ní kí ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́, nítorí pé ariwo àwọn oníjó wà nínú rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ bí ẹgbẹ́ náà ṣe ń dá wọn lóhùn.

Ẹ yan ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Ẹgbẹ́ tó bá kó saxophone Machito, trombone Palmieri àti conjunto Arsenio pọ̀ sínú orin kan ṣoṣo láìní ìdí ń ṣe àfihàn ni, àwọn oníjó á sì mọ̀ kí orin kejì tó parí. Tí ẹ bá fẹ́ ìró tó rọ̀ mọ́ àdúgbò, tó dà bíi pé ó ń jà, ẹ gba ọ̀nà trombone. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó mọ́lẹ̀ tó sì ń dán, ẹ fi trumpet síwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ mọ ohun tó lé ìró yìí kúrò nílẹ̀, nítorí pé òun gan-an ni ẹ ó máa yọ kúrò nínú iṣẹ́ tiyín. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, orin ìfẹ́ tí wọ́n ń pè ní salsa romántica gba àárín ọjà. Akọrin di ọba, ohùn fèrè rọlẹ̀, ìlù lọ sẹ́yìn, ibi tí akọrin ti ń dá orin sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kúrú, kíbọ́ọ̀dù oníná sì ń kún gbogbo àlàfo tó yẹ kí ó dákẹ́. N kò bú orin náà, ó ní àwọn tó fẹ́ ẹ, ó sì ní orin dáadáa nínú. Kódà Ray de la Paz, tó wà lára àwọn akọrin inú àwo tí Louie Ramírez fi dá àṣà romántica sílẹ̀ lọ́dún 1982, ló tún jẹ́ akọrin pàtàkì nínú Spanish Harlem Orchestra nígbà tí wọ́n ń dá ti àtijọ́ padà. Ohùn kan náà ni. Àwọn tó yí i ká ló yàtọ̀.

Iye ènìyàn àti ipò oníkálukú

Lọ́dún 2000, Aaron Levinson tó jẹ́ olùgbéjáde àwo tọ Oscar Hernández lọ pé kí ó kó ẹgbẹ́ kan jọ, èyí tó di Spanish Harlem Orchestra, láti gba irú salsa tó ti ń parẹ́ yìí sílẹ̀. Hernández jẹ́ ọmọ àwọn ará Puerto Rico tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Bronx. Ó ti tẹ píánò fún Ray Barretto tó ń lu kọ́ńgà, ó sì ti bá akọrin Rubén Blades ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ Seis del Solar, nítorí náà kò kọ́ orin yìí láti orí àwo nìkan. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2002. Èyí tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2004, tí Blades bá wọn kọrin nínú rẹ̀, gba àmì ẹ̀yẹ Grammy, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọdún 2010 àti ti ọdún 2018.

Ènìyàn 13 ni wọ́n, ẹ sì wo bí wọ́n ṣe pín in: trumpet méjì, trombone méjì, ẹnì kan tó ń fun saxophone baritone tó sì tún ń fun flute, píánò, báàsì, timbales (ìlù méjì tí ara wọn jẹ́ irin, tí wọ́n ń fi igi lù), kọ́ńgà, bọ́ńgò (ìlù kékeré méjì tí wọ́n so pọ̀), àti akọrin mẹ́ta. Baritone yẹn ni kí ẹ ṣàkíyèsí. Òun ló ń gbé ìsàlẹ̀ àwọn fèrè, tí mẹ́rin yòókù á fi dún bíi mẹ́jọ. Mitch Frohman tó wà ní ipò náà ti bá Tito Puente, onílù timbales, ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Tí owó yín kò bá ká ènìyàn 13, ẹ dín fèrè kù kí ẹ tó dín ìlù kù. Trombone méjì péré tó láti ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá fi ẹnì kan lu kọ́ńgà àti bọ́ńgò pọ̀, tàbí tó fi dúrọ́ọ̀mù òyìnbó rọ́pò timbales, ti fi nǹkan tó ń wá sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní Bogotá, àwọn ọmọ ìyá kan tí orúkọ bàbá wọn ń jẹ́ Mejía dá ẹgbẹ́ La-33 sílẹ̀ lọ́dún 2001, orúkọ òpópónà tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ náà. Wọn kì í ṣe ará New York, wọn kì í sì í ṣe àgbà nígbà náà, ṣùgbọ́n ìlù wọn pé, fèrè wọn sì le, ìyẹn náà ló gbé wọn dé òkè òkun.

Clave, kí ohunkóhun tó tẹ̀ lé e

Igi kékeré méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra ni clave, òun náà sì ni orúkọ ìlànà tí wọ́n ń fi igi náà lù, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń bá rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Ẹ jẹ́ kí a kà á. Ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kí ẹ sì máa sọ "àti" láàárín kíkà kan sí èkejì. Nínú ìyípo àkọ́kọ́, ẹ pàtẹ́wọ́ lórí ení, lórí "àti" tó tẹ̀ lé èjì, àti lórí ẹ̀rin. Nínú ìyípo kejì, ẹ pàtẹ́wọ́ lórí èjì àti ẹ̀ta nìkan. Mẹ́ta sí ọ̀tún, méjì sí òsì, ó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Orin kan lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tó ní mẹ́ta, òmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tó ní méjì, èyí sì pọ̀ nínú salsa New York ju èkíní lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ yí padà. Tí ẹni tó ń to orin bá fẹ́ kí orin náà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, iye ìyípo inú gbólóhùn orin ni yóò fi ṣe é, kí clave fúnra rẹ̀ lè máa lọ láìdúró.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó sì ti dúró ti agogo níbi tí wọ́n ti ń lu ìlù ìbílẹ̀ kò ní pẹ́ mọ ohun tí mo ń sọ. Agogo kì í yà, ìyáàlù ló lè sọ ohun tó wù ú, ẹni tó bá sì sọnù, agogo ló ń padà wá bá. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú dé Cuba, tí wọ́n ń pè ní Lukumí níbẹ̀, wà lára àwọn tó gbé àṣà yìí lọ, ṣùgbọ́n kí a má ṣe gba ohun tí kì í ṣe tiwa: kọ́ńgà fúnra rẹ̀ súnmọ́ àwọn ará Kóńgò ju àwa lọ, àwọn ọmọ Calabar àti ti Dahomey náà sì ní ọwọ́ tiwọn nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ẹgbẹ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n kàn sáré gbé bàtá wọ inú gbogbo orin nítorí pé wọ́n gbọ́ pé Yorùbá wà nínú salsa. Lóòótọ́ ni Cuba ní bàtá mẹ́ta tirẹ̀, iyá, itótele àti okónkolo, àwọn olórin kan ní New York sì máa ń fi wọ́n há àárín orin, ṣùgbọ́n fún ìdí kan pàtó ni. Timbales, kọ́ńgà àti bọ́ńgò ló ń gbé orin náà ní ojoojúmọ́.

Ìdánwò tó dára jùlọ fún ẹgbẹ́ tuntun rọrùn. Kí gbogbo ènìyàn gbé ohun èlò wọn sílẹ̀, àti afunfèrè àti akọrin, kí wọ́n máa pa clave ní àtẹ́wọ́ bí ẹ ti ń gbọ́ àwo kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá yà láàárín, tí kò sì mọ̀ pé òun ti yà, kò tíì yẹ kí ó bá yín gun orí ìtàgé. Nígbà mìíràn akọrin gan-an lẹ ó rí pé ó ń yà, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ lè dára gan-an.

Ìlù mẹ́ta, àti ibi tí wọ́n ti ń yí ọwọ́ padà

Onílù kọ́ńgà ń lu ohun tí wọ́n ń pè ní tumbao. Ọwọ́ òsì ń sinmi lórí awọ, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ àti ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti mú ìwọ̀n dúró. Ọwọ́ ọ̀tún ń gbá a gidi lórí èjì. Lẹ́yìn náà ìró méjì tó ṣí sílẹ̀ bọ́ sórí ẹ̀rin àti "àti" tó tẹ̀ lé e. Ìró méjì yẹn ni oníjó ń dúró dè. Ọ̀pọ̀ onílù ìsinsìnyí ń fi ọ̀ṣọ́ bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé ó sú wọn láti máa lu ohun kan náà fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kí olórí ẹgbẹ́ má gbà fún wọn. Ibi tí ọ̀ṣọ́ wà ni ibi tí wọ́n bá fún onílù ní àyè láti dá lù.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kọ́ jù ni ibi tí orin ti ń kúrò ní ẹsẹ̀ ìtàn bọ́ sínú montuno, ìyẹn ibi tí ègbè ti ń wọlé. Ní gbogbo àkókò tí akọrin fi ń sọ ìtàn, onílù timbales ń fi igi lu ẹ̀gbẹ́ ìlù rẹ̀ tó jẹ́ irin, ìlànà tí wọ́n ń pè ní cáscara, ìró rẹ̀ sì gbẹ, kò ga. Onílù bọ́ńgò di ìlù kékeré rẹ̀ méjèèjì mú sáàárín eékún, ó ń lù ú wọ́rọ́wọ́rọ́, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ bọ́ sí àlàfo tí akọrin bá fi sílẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ ìtàn bá fẹ́ parí, onílù timbales á lu ìkìlọ̀ kúkúrú kan lórí awọ. Kí ìró ìkìlọ̀ yẹn tó tán, onílù bọ́ńgò gbọ́dọ̀ ti sọ bọ́ńgò sílẹ̀, kí ó sì ti gbé agogo ńlá sọ́wọ́, nítorí pé ìró àkọ́kọ́ agogo náà gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ení pẹ̀lú ègbè. Onílù timbales náà á kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ìlù, á bọ́ sórí agogo tirẹ̀. Agogo méjì ti wà níbi tí kò ti sí ẹyọ kan, gbogbo orin náà sì ga sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yára sí i.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kùnà. Wọ́n ń fi eré sísá wá ìgbóná tó yẹ kí ìyípadà ìró mú wá. Ẹ lo ìdánrawò kan odindi lórí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yìí nìkan, láti ìlà tó gbẹ̀yìn ẹsẹ̀ ìtàn sí ègbè kejì, kí ẹ sì gba ìró rẹ̀ sílẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ àlàfo láàárín bọ́ńgò àti agogo, tàbí tí ìwọ̀n bá sáré, ẹ tún un ṣe. Ẹ fetí sí ẹnu agogo náà pẹ̀lú: ìró rẹ̀ tó wúwo gbọ́dọ̀ máa bọ́ sórí ení àti ẹ̀ta, níbi tí ẹsẹ̀ oníjó ti lè rí i.

Báàsì àti píánò

Ẹni tó ń ta báàsì kì í tẹ ení mọ́lẹ̀. Lórí "àti" tó tẹ̀ lé èjì àti lórí ẹ̀rin ló ń ta tirẹ̀, ìró orí ẹ̀rin náà sì ti jẹ́ ti kọ́ọ̀dù tó ń bọ̀ nínú ìyípo kejì, kí kọ́ọ̀dù náà tó dé. Ó máa ń ṣòro fún ẹni tó bá ti orin ìjọ tàbí gospel wá, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ení. Ẹ ní kí ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ ení bí ọwọ́ ti ń ta àwọn ibi tó kù, títí ara á fi gbà á.

Ìró báàsì náà ṣe pàtàkì. Èyí tí ẹ ń gbọ́ nínú ọ̀pọ̀ àwo àtijọ́ wá láti ara Ampeg Baby Bass, báàsì oníná tó ń dúró lóòró tí wọ́n mú jáde lọ́dún 1962. Ìró rẹ̀ yípo, ó kúrú, kì í fà. Tí ẹ kò bá rí i rà, tó sì wọ́n gan-an, ẹ fi fóòmù há abẹ́ okùn gìtá báàsì lásán níbi afárá rẹ̀, kí ẹ dín ìró òkè kù, ẹ ó súnmọ́ ọn.

Píánò ni kó jẹ́ píánò. Kíbọ́ọ̀dù tó ní ìró píánò gidi kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìró fàólìn àtọwọ́dá. Ọwọ́ méjèèjì ń tẹ ohun kan náà ní ìpele ìró tó yàtọ̀ síra, ó ń yí po, ó ń bá clave rìn. Ẹni tó bá ń tẹ kọ́ọ̀dù gbọọrọ láti kún àlàfo, ẹ dá a dúró.

Fèrè

Kí ẹni tó ń to orin kọ mambo, ìyẹn ibi tí àwọn fèrè ti ń gba orin lọ́wọ́ akọrin, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún moña. Moña kì í sábà wà lórí ìwé. Trombone kan á mú gbólóhùn kúkúrú wá látinú ara rẹ̀, yóò máa tún un sọ, trombone kejì á fi tirẹ̀ gorí rẹ̀, trumpet á gba òkè, títí gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin á fi máa lọ nígbà kan náà láìtako ara wọn. Barry Rogers, tó fun trombone fún Palmieri, ni kí ẹ fetí sí láti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn afunfèrè tó kàwé orin dáadáa ló máa ń bẹ̀rù ibí yìí jù. Ẹ mú ìwé kúrò níwájú wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ohun kan tún wà: fèrè àtijọ́ kì í rẹ́ pọ̀ mọ́ra bí èyí tí kọ̀ǹpútà tún ṣe. Tí trombone kan bá le díẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ fi sílẹ̀.

Lílé àti ègbè

Àwọn tó sọ Spéènì ń pe ègbè ní coro, wọ́n sì ń pe ohun tí akọrin ń fi dá a lóhùn ní soneo. Ẹni tó bá lè ṣe é dáadáa ni wọ́n ń pè ní sonero, oyè ni fún un, kì í ṣe gbogbo akọrin ló ń jẹ ẹ́. Ní Puerto Rico, Ismael Rivera ni wọ́n pè ní Sonero Mayor, ìyẹn àgbà gbogbo wọn. Iṣẹ́ náà ni pé ègbè á sọ ìlà rẹ̀, tí kì í yí padà, akọrin á sì ní àlàfo tó tó ìlà kan péré láti sọ ohun tuntun, kí ègbè tó tún wọlé. Ó lè fi dárúkọ ẹni tó wà níwájú ìtàgé, ó lè fi yẹ̀yẹ́ onílù, ó lè fi pa òwe, ó lè fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò lánàá ṣe ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń lé orin sákárà tàbí jùjú kò ní ṣe àjèjì sí i.

Nínú salsa ìfẹ́, ọ̀pọ̀ akọrin kọ soneo sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ bákan náà ní gbogbo ìgbà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdánrawò tí mo dábàá nìyí: kí ìlù, píánò àti báàsì máa lu montuno kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́, kí ègbè máa gbè é, kí akọrin máa dáhùn, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ sì lè pe ọ̀rọ̀ kan lójijì tí akọrin gbọ́dọ̀ lò nínú ìlà tó tẹ̀ lé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á máa já lulẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ kíyè sí ni ibi tó parí ìlà rẹ̀ sí. Sonero tó dára kì í tẹ ègbè mọ́lẹ̀, ó ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ kí clave tó yí, ègbè á sì rí ilẹ̀ tó mọ́ láti wọlé. Akọrin Celia Cruz, tó ti kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ Sonora Matancera ní Havana láti ọdún 1950, mọ ìgbà tó yẹ kí òun dákẹ́ bó ṣe mọ ìgbà tó yẹ kí òun kígbe.

Ti èdè ńkọ́? Tí akọrin yín kò bá gbọ́ Spéènì dáadáa, kí ó má ṣe fi Spéènì tí kò yé e ṣe soneo. Kí ẹsẹ̀ ìtàn àti ègbè wà ní Spéènì tó bá wù yín, kí ó sì dá a lóhùn ní èdè tó ń fi ronú.

Ìgbohùnsílẹ̀

Kí onílù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, píánò àti báàsì wà nínú yàrá kan, kí wọ́n rí ojú ara wọn, kí wọ́n sì lù ú pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí ìró ẹ̀rọ tó ń ka ìwọ̀n nínú etí. Orin àtijọ́ ń yára díẹ̀ nígbà tí mambo bá wọlé, ó sì tún ń fara balẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn kò ní gbà fún un. Ìró agogo á wọ inú makirofóònù píánò, ẹ má jẹ́ kí ẹlẹ́rọ fi ìyẹn dá yín dúró. Lẹ́yìn èyí ni fèrè, lẹ́yìn náà ni ègbè, kí àwọn ẹlégbè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí makirofóònù kan ká dípò kí oníkálukú ní tirẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń po ìró pọ̀, ẹ gbé agogo àti kọ́ńgà síwájú ju bí ẹlẹ́rọ òde òní á ti fẹ́ lọ. Jon Fausty, tó gba ọ̀pọ̀ àwo Fania sílẹ̀, ni kí ẹ fi etí kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀: ẹ fi àwo rẹ̀ kan àti tiyín sílẹ̀, kí ẹ máa gbọ́ wọn ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé lórí ẹ̀rọ kan náà.

Àwọn àgbà àti orin tuntun

Ní Havana lọ́dún 1976, àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan dá Sierra Maestra sílẹ̀ láti jí son tí wọ́n ń lù ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú wọn dìde, wọ́n sì kó ohun èlò rẹ̀ padà, tres, bọ́ńgò, trumpet ẹyọ kan. Juan de Marcos González tó wà lára wọn ló wá kó àwọn àgbà jọ ní sítúdíò EGREM lọ́dún 1996 fún àwo Buena Vista Social Club. Rubén González tó tẹ píánò níbẹ̀ ti bá Arsenio Rodríguez fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́. Tí àgbà kan bá ṣì wà tó lu orin yìí nígbà náà, ẹ wá a lọ kí ẹ tó tún àwo kan gbọ́. Ẹ má kàn ní kí ó wá sọ ìtàn, ẹ gbé ìlù fún un, kí ó lu tumbao rẹ̀ láàárín yín, kí onílù yín jókòó tì í. Ẹ sì sanwó rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn ilé iṣẹ́ àwo jẹ lówó nígbà ayé wọn.

Ní ti orin tí ẹ ó máa kọ, ẹ wo bí Spanish Harlem Orchestra ṣe ṣe é. Orin àwọn àgbà New York tí wọ́n tún tò ló pọ̀ jù nínú àwọn àwo wọn ìbẹ̀rẹ̀, orin tiwọn sì ń pọ̀ sí i nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ètò tó dára nìyẹn. Orin àgbà ń kọ́ ẹgbẹ́ ní bí ilé ṣe rí, orin tuntun ló ń fi hàn bóyá wọ́n lè gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń tún orin àgbà tò, ẹ yẹra fún èyí tí gbogbo ayé ti mọ. Kò sí bí ẹ ó ṣe lù ú tí wọn kò ní fi yín wé ẹni tó ni ín. Ẹ wá orin tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì àwo, tí ẹnikẹ́ni kò lù mọ́. Kí ọ̀rọ̀ inú orin tuntun sì jẹ́ ti òní, owó ilé, iṣẹ́ òru, físà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìgboro ọjọ́ wọn ni àwọn Colón àti Blades náà kọ.

Ẹ jẹ́ kí ìtàgé yín àkọ́kọ́ wà níbi tí àwọn oníjó wà, kì í ṣe níbi tí wọ́n ti to àga. Àwọn oníjó New York tó ń jó lórí kíkà èjì ń fetí sí kọ́ńgà gan-an, wọ́n sì máa ń kúrò lójú agbo láìsọ̀rọ̀ tí ìlù bá yà. Kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tí kò lù nínú orin kan máa wo ẹsẹ̀ wọn, kí ó kọ orúkọ orin tí wọ́n ti jókòó sílẹ̀, àti ibi tí orin dé nígbà tí wọ́n jókòó. Ibẹ̀ ni ìdánrawò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀.